Pupa Lábẹ́ Funfun

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ńṣe ni ọkùnrin náà ń fi oríkèé ìka kan pákó bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn ilé àna.

Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà pákó bàbá rẹ̀, ó ń wò ó. Ọkùnrin náà á kan ọ̀kan, á dẹ etí sí i, á mirí, á bọ́ sórí òmíì. Ó ti kan bíi mẹ́wàá kí ọmọbìnrin náà tó la ẹnu.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá. Kò sẹ́ni tó ń gbénú ẹ̀ o. Ẹ má wulẹ̀ dá ìka yín lóró."

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ẹnu rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹnì kan ń gbénú ẹ̀, àǹtí. Omi ni. Tí omi bá ṣì wà nílé, ohùn pákó á dì bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Tí omi bá ti kó jáde, á dún kedere. Ẹ gbọ́."

Ó kan ọ̀kan. Bọ́. Ó kan èkejì. Kó.

Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ. Kò tiẹ̀ sí bí kò ṣe ní í gbọ́ ọ, torí nínú gbogbo ìjọ tó ń lọ, kò sẹ́ni tí etí rẹ̀ mú tó tirẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú ogójì akọrin bá ṣi ohùn, òun ni yóò kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Olóhùn-iyọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsàmì.

"Ẹ wo orí pákó," ó wí. "Èyí tí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì pupa sí, ó ṣì tutù. Èyí tó bá ní funfun, ó ti gbẹ. Èmi ni mo ń tò ó, èmi ni mo ń yí i kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, èmi náà ni mo ń sàmì sí i. Ẹ ò nílò àtimáa kanlẹ̀kùn."

"Ṣé kí n gba àmì ọwọ́ yín gbọ́ ju etí mi lọ ni?"

"Tí ẹ bá gbọ́n."

Ó gbé funfun mẹ́fà lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó padà wá ra ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wá ra ẹyọ kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Olóhùn-iyọ̀ bi í pé irú àga wo ló ń kàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń hù lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín ọmọ ọwọ́. Ọkùnrin náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Káfíńtà, wolẹ̀. Ó ní àga ìyàwó ni.

"Ìyàwó ta ni?"

"Kò tíì gbà."

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe wọlé ní tiẹ̀. Kò kanlẹ̀kùn rárá.

Ìyá nìkan ni Káfíńtà ní láyé. Opó ni, òun ló ń gbálẹ̀ ilé ìjọsìn ní gbogbo Sátidé, wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Onígbàálẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá, níbi tó ti ń kọ ohùn kejì láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ mú Olóhùn-iyọ̀ wálé, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, kò sì fi í sílẹ̀.

"Ìyàwó mi," ó wí, "ohùn kìíní ni gbogbo ayé ń gbọ́. Ohùn kejì, bó bá wà, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó dákẹ́ ná. Wàá rí i bí orin náà ṣe máa rọ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n yọ okùn ìdí ẹ̀."

Olóhùn-iyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òótọ́ ni, màmá." Kò gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń kọrin, kò tíì tẹ́tí sí ohùn kejì rí.

Bàbá rẹ̀ ni kò rọrùn. Bàbá Pákó ni olórí àwọn àgbà ìjọ, ènìyàn tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́, gbogbo yàrá á dákẹ́. "Oníbàárà mi ni," ó wí. "Oníbàárà kì í di àna. Lọ́jọ́ tó bá ń bínú sí ẹ, pákó mi ni yóò máa bú."

Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ni ìjọ pinnu láti kan àjà kan fún àwọn akọrin, lókè ẹnu ọ̀nà, kí orin lè máa ti òkè wá bọ̀ wálẹ̀ sórí àwọn ènìyàn. Káfíńtà ni wọ́n fún níṣẹ́. Bàbá Pákó wá rọ̀ díẹ̀.

"Kó ṣe é kó dára," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Bí gbogbo ìjọ bá gbójú sókè tí wọ́n sì yìn ín, kó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Màá ṣílẹ̀kùn."

Ayọ̀ Olóhùn-iyọ̀ kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ìjọ méje ni wọ́n pè sí ọjọ́ ìyàsímímọ́. Òun nìkan ni yóò dúró síwájú, lókè, lẹ́yìn pákó ìfaratì etí àjà tí Káfíńtà rẹ̀ máa gbẹ́, gbogbo orí á sì yí sókè wá wò ó. Ó ti ń rí i lójú àlá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Pákó ìfaratì nìkan ló kù tí wọn ò tíì kàn, pẹ̀lú àwọn òpó kéékèèké tó máa dì í mú. Àmọ́ funfun ti tán lọ́gbà. Pupa nìkan ló kù, pupa ọ̀hún ò sì tíì lo oṣù méjì.

"Ká dúró," Káfíńtà wí. "Oṣù mẹ́ta sí i péré, ààyò mi. Kí ẹ kọrin nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé Ọlọ́run kì í gbọ́ tilẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dún létí Olóhùn-iyọ̀ bí ìgbájú. Kó kọrin nílẹ̀? Lójú ìjọ méje, bíi gbogbo ènìyàn?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ jẹun, ó mú àkísà tútù, ó nu pupa kúrò lórí pákó mẹ́jọ, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì funfun sí i. Kò pẹ́ ju kí ènìyàn fọ abọ́ méjì lọ.

Káfíńtà dé nírọ̀lẹ́. Ó wo àmì, ó sì fi ìka kàn án. Bọ́. Ó yọwọ́, ó tún kàn án. Ó gbójú sókè wo olólùfẹ́ rẹ̀.

"Etí mi ń sọ nǹkan míì fún mi."

"Nínú èmi àti ìwọ, ta ni Ọlọ́run fún létí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni."

"Kí ni àmì mi wí?"

"Ó ní ó ti gbẹ."

"Ó tán nìyẹn."

Ó ru pákó náà lọ. Ìfẹ́ ló jẹ́ kó ru ú, kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́. Olóhùn-iyọ̀ sì dúró síbẹ̀, bọ́ yẹn ṣì ń dún létí rẹ̀. Ó gbọ́ ọ kedere ju bí Káfíńtà ṣe gbọ́ ọ lọ. Ó kàn kọ orin lé e lórí, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ọjọ́ ìyàsímímọ́ dùn. Wọ́n ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, áńgẹ́lì ló yá a lò. Bàbá Pákó bọ Káfíńtà lọ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n sì mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Omi tó wà nínú pákó ń jáde lọ díẹ̀díẹ̀, pákó ń súnkì, gbogbo oríkèé tí Káfíńtà dè pinpin ń tú láìsí ẹni tó mọ̀. Ní Sátidé kan, Ìyá Onígbàálẹ̀ gbá àjà náà tán, ó sì fara ti pákó ìfaratì kó lè na ẹ̀yìn. Pákó náà yọ lọ́wọ́ òpó bí eyín tó ti ń mì tẹ́lẹ̀. Màmá já sórí àwọn àga tó wà nísàlẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ fọ́. Kò tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró mọ́ títí ayé.

Àwọn àgbà ìjọ pàdé ní Jímọ́ọ̀. Káfíńtà dúró láàárín wọn, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Pákó tí o lò," Bàbá Pákó bi í, "ó gbẹ àbí kò gbẹ?"

"Àmì funfun ló wà lórí ẹ̀, sà."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Olóhùn-iyọ̀. Pásítọ̀, bàbá arúgbó tí kì í sáré sọ̀rọ̀, ló béèrè.

"Ọmọ mi, àmì wo lo fi sí i?"

Káfíńtà náà gbójú sókè wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá. Ìrètí ló wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì nira jù láti wò.

"Funfun ni, sà," Olóhùn-iyọ̀ dáhùn.

Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kò sí irọ́ kankan nínú wọn. Ìdí nìyẹn tó fi burú tó bẹ́ẹ̀.

"Ọwọ́ ló bàjẹ́ nígbà náà," Bàbá Pákó wí. "Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè fọmọ fún ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ ìyá tó bí i."

Lábẹ́ òrùlé ìta, Káfíńtà yọ àjákù pákó kan jáde nínú àpò rẹ̀. Orí pákó tó já ni. Ó ti fi èékánná ha funfun kúrò. Lábẹ́ funfun, pupa wà níbẹ̀, ó ti wọnú igi lọ. Ṣọ́ọ̀kì máa ń wọnú igi tútù bí omi ṣe ń wọ aṣọ. Àkísà ò lè nù ún tán.

Olóhùn-iyọ̀ fọwọ́ kan pupa náà. "Kí ló dé tí o ò fi hàn wọ́n?"

"Tí èmi bá sọ ọ́, ẹjọ́ ni. Tí ìwọ bá sọ ọ́, ìrònúpìwàdà ni. Mi ò fẹ́ fẹ́ ìyàwó tí mo dá lẹ́bi." Ó dá àjákù náà padà sínú àpò. "Màá dúró dè ọ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀, olólùfẹ́ mi."

Ó fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Nígbà tó dé ilé ìjọsìn, ó rí ojú bàbá rẹ̀. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ní ojú tiẹ̀. Ẹni tó bá sún ọ̀rọ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ á wúwo sí i kó tó tún gbé e. Kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ fún Káfíńtà mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ kan, ọwọ́ tó máa ń dún pẹ̀lú igi wá ń ṣí irin, ó ń pa irin dé.

Ọdún mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀.

Gbogbo Ọjọ́rú, nígbà tí Káfíńtà bá wà lẹ́nu géètì, Olóhùn-iyọ̀ á lọ sí yàrá Ìyá Onígbàálẹ̀. Á fọ aṣọ ibùsùn, á wẹ ẹsẹ̀ màmá, á yí màmá sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ara rẹ̀ má baà dégbò, bó ṣe máa ń yí pákó lọ́gbà. Tó bá ṣe tán, á jókòó lórí àga kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó mọ àga náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin ti ọgbà wọn wá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọlọ́run á san án fún ọ," màmá máa ń sọ. "Ẹni tí ọmọ mi bà láyé jẹ́, òun náà ló ń tọ́jú mi. Irú ìrẹ̀lẹ̀ wo lèyí?"

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Bá mi gbàdúrà fún un. Mo ti dárí jì í tipẹ́. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀ mí rí. Bí mo bá ní, 'Ọmọ mi, mo ti dárí jì ọ́,' á kàn wolẹ̀, á ní, 'Ẹ ṣé, màmá.' Ìgbéraga nìyẹn, àbí kí ni? Bó bá tiẹ̀ lè bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan péré, pé ọwọ́ òun ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Mo ń bẹ̀rù fún ọkàn rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà á gun Olóhùn-iyọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun. Á la ẹnu. Ohun tó máa ń jáde ni, "A máa gbàdúrà sí i, màmá."

Ìròyìn àbẹ̀wò rẹ̀ tàn ká. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ìyá ìjọ á nàka sí i, wọ́n á ní, "Ẹ wo ọmọ onírẹ̀lẹ̀." Ó sì dùn mọ́ ọn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù lọ nìyẹn bó bá dá wà: pé ó dùn mọ́ òun. Ìgbéraga rẹ̀ kò kú. Aṣọ ló kàn pààrọ̀.

Ní Sátidé kan, àárín ìdánrawò ni wọ́n wà nígbà tí obìnrin kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ìyá Onígbàálẹ̀ wọlé.

"Màmá ní kí n wá pè ọ́. Ó ní kí o wá nísinsìnyí."

"Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ìgbà wo lara rẹ̀ yá, àbúrò? Ṣùgbọ́n tòní yàtọ̀."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa fi Olóhùn-iyọ̀ jẹ olórí akọrin. Orin mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì gún. Ó wo ogójì ojú tó ń wò ó. Ó sì pinnu, tọkàntọkàn, pé ọ̀la lòun máa sọ ọ́. Ọ̀la, tí ìsìn bá ti parí, òun á kúnlẹ̀ níwájú màmá, òun á sọ gbogbo ẹ̀ pátá.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ lọ́la. Kété tí ìsìn bá ti parí."

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, ó kúnlẹ̀ níwájú ìjọ nínú ẹ̀wù funfun. "Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí," ó wí, ohùn iyọ̀ yẹn sì gbọ̀n díẹ̀. "Èmi ni mo kéré jù nínú ilé yìí." Àwọn ènìyàn nu ojú. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún.

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ síbi etí rẹ̀.

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo, ọmọ mi?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà."

"Gbogbo ẹ̀ ò lórúkọ," bàbá arúgbó náà wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀.

Orin ìkẹyìn parí, ó sì sáré. Kò bọ́ ẹ̀wù. Nígbà tó dé ojú ilé, ó rí aṣọ ibùsùn tí wọ́n ká sẹ́nu ọ̀nà, ó sì mọ̀.

Káfíńtà jókòó sétí ibùsùn nínú aṣọ iṣẹ́ géètì. Ó ti fi aṣọ bo ìyá rẹ̀ dé ọrùn.

"Ìgbà wo ni?" Olóhùn-iyọ̀ béèrè.

"Nígbà tí ẹ ń kọrin ìkẹyìn. Atẹ́gùn ń gbé e wá. Ó ní kí n ṣí fèrèsé."

"Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Káfíńtà ń tún etí aṣọ náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gún.

"Ó ń retí ẹ láti àná. Ó fẹ́ kí o bá òun parí ìjà láàárín èmi àti òun. Nígbà tí o ò dé, ó bẹ̀ mí fúnra rẹ̀. Ó ní kí n tọrọ àforíjì, kí òun lè lọ ní àlàáfíà."

"Káfíńtà mi, o wá sọ òótọ́ fún un?"

"Fún ẹni tó ń kú lọ? Kó lọ máa ro ìyẹn?" Ó mirí. "Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, 'Màmá, ẹ dárí jì mí. Ọwọ́ mi ni.' Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó sì sùn."

Olóhùn-iyọ̀ ṣubú lulẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun. Ó sunkún tí kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Káfíńtà wá sí ọgbà pákó. Ọdún mẹ́ta rèé tí kò ti wọ ibẹ̀. Pósí ìyá rẹ̀ ló fẹ́ kàn, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun kàn án.

"Má wo àmì," Olóhùn-iyọ̀ wí. "Kàn án."

Ó ń kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà ń tẹ̀ lé e. Kó. Kó. Nígbà tó mú èyí tó fẹ́, Olóhùn-iyọ̀ gbé e ní ẹ̀yìn, Káfíńtà gbé e níwájú, wọ́n jọ rù ú jáde bí ẹni ń gbé òkú.

Ilé ìjọsìn kún lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n ní kí olórí akọrin kọrin kan fún màmá kí wọ́n tó gbé e jáde. Kò gun àjà. Ó rìn wá síwájú, ó dúró lórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

"Mi ò ní kọrin," ó wí. "Ní ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo nu ṣọ́ọ̀kì pupa kúrò lórí pákó mẹ́jọ, mo fi funfun sí i."

"Jókòó, ọmọ mi," Bàbá Pákó wí níwájú. Ó kọjú sí àwọn ènìyàn. "Ìbànújẹ́ ni, ẹ má dá a lóhùn."

"Ìbànújẹ́ kọ́, bàbá. Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Pákó yẹn tutù. Káfíńtà kàn án, ó ní etí òun ń sọ nǹkan míì. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbọ́ ohun tó gbọ́. Mo fẹ́ dúró lókè kí ẹ lè máa wò mí, ìdí kan ṣoṣo nìyẹn. Pákó mi ló já lọ́wọ́ màmá. Ẹ bi mí, mo dáhùn bí ẹni tó mọwọ́ ara rẹ̀ í fọ̀. Ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, mò ń wò yín. Màmá ń dárí ji ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ohun tí èmi ṣe, mò ń fọ aṣọ rẹ̀, ẹ̀ ń pè mí ní onírẹ̀lẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí ní Sátidé. Mo ní orin mi ò tíì gún."

Ó yí sí pósí, ó sì kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin ni mo yẹ kí n sọ ọ́ fún. Mo pẹ́."

Kò sí ẹni tó nu ojú. Kò sí ẹni tó ní kí Ọlọ́run bù kún un. Obìnrin kan pòṣé láàárín wọn, òmíràn kó ọmọ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé nǹkan kan fẹ́ já bọ́. Bàbá Pákó fi ọwọ́ bo ojú, kò sì tún gbé e. Olóhùn-iyọ̀ bọ́ ẹ̀wù akọrin, ó ká a, ó fi í sórí àga.

Pásítọ̀ ló dìde nígbẹ̀yìn. "Ó ti lórúkọ," ó wí. "Ọlọ́run gbọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sin ìyá wa."

Lẹ́yìn tí wọ́n bo sàréè tán tí àwọn ènìyàn ti lọ, Káfíńtà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Àjákù pákó yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti fẹ́ sin èyí pẹ̀lú màmá lónìí," ó wí, "kí ẹnikẹ́ni má rí i mọ́ láé. Nígbà náà lo dìde."

"Mi ò wá bẹ̀ ọ́ pé kí o fẹ́ mi."

"Mo mọ̀."

"Mo bẹ̀ ọ́ fún ohun tí mo ṣe sí ẹ. Fún iṣẹ́ rẹ. Fún ìgbà tí o kúnlẹ̀."

"Mo ti dárí jì ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti rí pupa lábẹ́ funfun. Ìyẹn ò fìgbà kan ṣòro fún mi."

Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun bi í, síbẹ̀ ó bi í. "Ṣé o ṣì ń dúró dè mí?"

Omi ń bọ̀ lójú Káfíńtà.

"Mo dúró dé àárọ̀ Sọ́ńdè, ààyò mi. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ bẹ màmá, nǹkan kan nínú mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú mi, kò sì dìde mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ. Ìyẹn ò tán. Ṣùgbọ́n tí n bá ń rí ẹ lójoojúmọ́, ohùn ara mi ni màá máa gbọ́, níbi tí mo ti ń parọ́ fún ìyá mi kó tó kú. Mi ò lè fi ìyẹn kọ́ ilé."

"Ibo lò ń lọ?"

"Ibi tí wọ́n ti ń wá káfíńtà." Ó fi àjákù pákó náà sí i lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé lórí ẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó fún ìgbà díẹ̀. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún ẹ pé onírẹ̀lẹ̀ ni ọ́. Ìyẹn ni kí o máa sá fún."

Ó lọ. Kò bojú wẹ̀yìn, torí ó mọ ara rẹ̀.

Bàbá Pákó kì í bá ọmọ rẹ̀ sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ mọ́. Ìjọ yan olórí akọrin míì. Ní Sátidé, Olóhùn-iyọ̀ ló ń gbálẹ̀ ilé ìjọsìn, kò sẹ́ni tó yàn án, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Orúkọ yẹn gan-an ti kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Nígbà tí Pásítọ̀ ní kó padà sẹ́gbẹ́ akọrin, ìlà ẹ̀yìn pátápátá ló lọ. Ó ń kọ ohùn kejì. Nígbà míì, láàárín orin, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó lè gbọ́ bí orin ṣe ń rọ sílẹ̀. Màmá sọ òótọ́.

Obìnrin aládùúgbò màmá ló gbé àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà wá sí ọgbà pákó. "Káfíńtà ní kí n gbé e fún ẹ," ó wí. "Ó ní funfun tòótọ́ ni òun fi kàn án. Ó ní kì í já."

Orí àga yẹn ló ń jókòó sí nísinsìnyí, lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn oníbàárà ṣì ń wá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo àmì ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á ká ìka, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó lọ́kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Lánàá, ọwọ́ ẹnì kan kan pákó lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn ilé àna. Ó dìde, ó yíjú padà kíákíá.

Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó ń wá pákó tó máa fi tún ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ṣe.

"Ó ti gbẹ, bàbá," ó wí, ó sì rọra padà jókòó. "Ṣùgbọ́n ẹ tún kàn án wò."